Ohùn Láti Yàrá Ìtànṣán

Ó ti rẹ Bàbá Láwuyì tẹnutẹnu. Láti ìrọ̀lẹ́ ni òun àti Dókítà Ìbídùn ti ń fi ìtànṣán tó tín-ín-rín bí irun dán ìwòsàn jẹjẹrẹ wò lára eku, kí wọ́n tó lè fi wo èèyàn. Òun ló ń tẹ bọ́tìnnì níta. Ìbídùn ló ń tẹ́ eku sínú yàrá ìtànṣán, tó sì ń yán ṣáá.

Eku kan ló kù. Gẹ́gẹ́ bí òfin wọn, Ìbídùn wo gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá náà, ó ké pé, “Ṣé ó ku ẹnì kankan níbí?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìtànṣán yẹn kì í dá èèyàn sí. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn òjé, ó wá jókòó ti bàbá. Kò yán mọ́.

“Bàbá, ẹ tàn án, ká lọ sùn.”

Bàbá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Nínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn inú yàrá náà jáde sí wọn, ẹnì kan yán gbọọrọ.

“Bàbá, ẹ má tíì tàn án o. Èmi Ìbídùn ṣì wà nínú ibí.”

Bàbá ká ọwọ́ kò. Ó rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó kọjú sí obìnrin tó jókòó tì í.

“Ẹ má bínú,” ó ní, “ta wá ni yín?”