Ẹ̀rọ Èémí Tí Mouritala Ń Tijú Láti Lò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìlàjì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kà á títí dé ìparí, nítorí inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì fẹ́ kí inú bí ẹ̀yin náà.

1.

Àjàṣẹ́ níbí ni Mouritala ń gbé. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, ó fi ń kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ láti Akpro-Missérété wá sí ọjà Ouando. Ọkùnrin gìrìpá ni, ọrùn rẹ̀ ki, ohùn rẹ̀ ń dún. Bó bá sùn, híhanrun rẹ̀ a máa jí àwọn ará ilé tó wà ní yàrá kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oorun ẹni tó yó nìyẹn.

Ojoojúmọ́ ló ń jí pẹ̀lú orí fífọ́. Tó bá jókòó ti oúnjẹ, á tòògbé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo èèyàn dìde, òun kò dìde: oorun ti gbé e lọ. Wọ́n fi ìyẹn náà rẹ́rìn-ín. Ó ń lo oògùn tánsíọ̀n, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yéé ru.

2.

Adizatou ìyàwó rẹ̀, ìyá Chadia ọmọ wọn, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló mọ̀ pé híhanrun yẹn máa ń dá lójijì. Àyà ọkọ rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, èémí kankan kò ní jáde, títí á fi ta gìrì, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú ọ̀sà. Ó sọ fún un, kò gbà. Ó sunkún, ó bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kó bá òun dá sí i, títí Mouritala fi gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n so wáyà mọ́ ọn lára, wọ́n ní kó sùn. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, Dókítà Marcelline tó ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn ọkàn fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Ó ní tó bá ti sùn, ẹran ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á dẹ̀, á dí ọ̀nà èémí. Ọkàn á ta gìrì, á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru, léraléra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn nìkan kò fi ká a. Ó ní ó ṣeé tọ́jú. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá wọ inú ìbomú, kí ọ̀fun má bàa pa dé. Ó ní kó máa wọ̀ ọ́ nígbàkigbà tó bá fẹ́ sùn, kó dín ọ̀rá ara kù, kó má sì wakọ̀ títí òògbé ọ̀sán yẹn á fi lọ.

3.

Ẹ gbọ́ o: ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí orí fífọ́ fi lọ. Mouritala fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Adizatou pé òun ti gbàgbé bí òwúrọ̀ ṣe máa ń dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Assani ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà kí i, ó bá a lórí àga gbọọrọ, tó ń sùn pẹ̀lú ìbomú lójú. Kàkà kó béèrè ohun tó ń ṣe é, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wọn. Kí Mouritala tó jí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Erin, nítorí ọ̀pá tó wà nímú rẹ̀. Àgbà ọkùnrin, onírùngbọ̀n, bàbá ọlọ́mọ ni gbogbo wọn o.

Mouritala ì bá bínú sí Assani. Adizatou ló bínú sí, pé òun ló fà á tí òun fi lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ká ẹ̀rọ náà sínú àpò, ó jù ú sábẹ́ ibùsùn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un jáde mọ́. Ó padà sídìí ọkọ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ dókítà mọ́.

4.

Ọjọ́ ọjà Missérété ni, ọ̀sán gangan. Wọ́n ti di ẹrù tán, wọ́n ń bọ̀ wá sílé. Adizatou jókòó síwájú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kó má bàa sùn. Ó rí i tí orí ọkọ rẹ̀ ń já wálẹ̀.

"Bàbá Chadia, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa bá wa wà á."

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà?"

Kò pẹ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ tí oorun gbé e. Ọkọ̀ yà kúrò lójú títì. Emeric, ọlọ́kọ̀ sẹ́mijàn kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò, bẹ̀rẹ̀ létí ọ̀nà níbẹ̀, ó ń tún táyà alùpùpù rẹ̀ ṣe. Kò rí ọkọ̀ náà títí tó fi dé orí rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló kú. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Eegun itan Adizatou fọ́ yángá.

Mouritala kò fara pa. Ọlọ́pàá mú un. Nínú àtìmọ́lé, kó tó dé iwájú adájọ́, wọ́n jí i láàárọ̀, kò lè dìde: rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Dókítà Marcelline sì ní ọkàn rẹ̀ ti wú nítorí ìyà tó ń jẹ lójú oorun. Ó béèrè ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Adizatou. Adizatou ní abẹ́ ibùsùn ló wà.

5.

Assani wá sí ilé ìwòsàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n forí ji òun, àwàdà ni àwọn ń ṣe. Adizatou kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n Assani, mi ò ní bá yín jà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Emeric. Ẹ sọ fún un pé àwàdà lẹ ń ṣe. Ohun tó bá sọ, ẹ padà wá sọ fún mi."

Assani kò lọ. Kò sì padà wá.

Lónìí, wọ́n ti jẹ́ kí Mouritala padà sílé nítorí àìsàn rẹ̀, ó sì ń lo ẹ̀rọ náà. Adizatou tó ń fi igi rìn ló ń de ìbomú mọ́ ọn lójú, nítorí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò lè dè é mọ́. Tó bá ń dè é, omi á máa bọ́ lójú Mouritala, kò sì lè sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, híhanrun tó ń dá èémí dúró kì í ṣe oorun ọlá. Tí ẹni tí ẹ jọ ń sùn bá sọ pé èémí yín ń dá, tí ẹ ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tí ẹ ń tòògbé lọ́sàn-án, tí tánsíọ̀n yín kò gbọ́ oògùn, ẹ lọ fara han dókítà. Tí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀rọ, ẹ lò ó. Tó bá ń ni yín lára, ẹ padà lọ sọ fún wọn, wọ́n á bá yín tún un ṣe. Tí oorun bá ń kùn yín, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ya fọ́tò aláìsàn kiri, mo mọ̀ pé ẹ wà lára àwọn tó máa ka èyí. Ẹ pa á rẹ́ lónìí. Ọmọ Emeric ti dáyé, kò mọ bàbá.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.