Ẹ̀rọ Kò Gbọ́ Èdè Orí Wa

"Ẹ wo kámẹ́rà dáadáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni obìnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamburov ń wá ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni lórí ayélujára. Òun ló sọ fún obìnrin yìí lójú gbogbo kíláàsì nígbà kan pé, "Lọ máa yan ìpanu bánítsà nínú ààrò, ìwé kì í ṣe tìẹ."

Olùṣọ́ ti kìlọ̀ fún àwọn yòókù tó ń ṣe ìdánwò pé ẹnu ni kí wọ́n fi dá ẹ̀rọ tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè lóhùn. Kò kìlọ̀ fún Kamburov.

Ẹ̀rọ bèèrè: "Ṣé ẹlòmíràn wà ní yàrá yín?"

Kamburov mi orí sókè sódò. Ní ìlú Plovdiv tiwa, "rárá" nìyẹn. Ṣùgbọ́n òkèèrè la ti ra ẹ̀rọ, "bẹ́ẹ̀ ni" ló kà á sí.

"A ti fagi lé ìdánwò yín," ni ẹ̀rọ wí.

"Irọ́ o! Èmi nìkan ni mo wà níbí!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ lọ máa yan bánítsà."

Ẹ̀rọ wá kọjú sí obìnrin náà: "Olùṣọ́, ṣé ẹ ṣàlàyé òfin fún un?"

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì, "bẹ́ẹ̀ ni" tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.

"Rárá," ni ẹ̀rọ kọ gàdàgbà sójú gbogbo wọn. "A ó tún ìdánwò ṣe. Olùṣọ́, ẹ jáde."

Kamburov sún mọ́ kámẹ́rà. "Ọmọ mi, bánítsà rẹ mà ti jóná o."