Aago Eré Lára Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n

Nígbà èwe atúnkẹ̀kẹ́ṣe àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, táyà iwájú kẹ̀kẹ́ yọ lábẹ́ àbúrò níbi ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn, eyín rẹ̀ méjì sì bá a lọ. Ó ní ẹnì kan ló tú nọ́ọ̀tì òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó gba ipò kìíní, sọ fún gbogbo ilé pé àbúrò òun ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń de nọ́ọ̀tì. Wọ́n gbà á gbọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n náà ló wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe yìí, tó ń tayín, tó ń tutọ́ sílẹ̀ tí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó fẹ́ kó bá òun so aago tó ń ka bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó mọ́ kẹ̀kẹ́ òun. Gíríìsì àtijọ́ tó dì mọ́ kẹ̀kẹ́ náà ń rùn.

Àbúrò tú nọ́ọ̀tì táyà iwájú, ó ki ẹ̀rọ aago bọ irin àárín táyà, ó fa wáyà rẹ̀ dé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì de nọ́ọ̀tì padà.

"Ó ti parí, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ gùn ún ká wo bó ṣe ń kà."

Ẹ̀gbọ́n ò gùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka yẹ nọ́ọ̀tì náà wò.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ṣé o dè é dáadáa ṣá?"

"Ṣebí ẹ ti ní mi ò mọ̀ ọ́n dè."

"Má bá mi ṣàwàdà. O ò tú u sílẹ̀ fún mi?"

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń tú nọ́ọ̀tì ọmọ ìyá ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n nu òógùn imú rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo tú tìẹ."