Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Ro Ẹ̀kọ Àdìrẹ

Mọ́rẹ́nikẹ́ gorí kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, ó ń fẹsẹ̀ yí i kí ọwọ́ rẹ̀ tí àrùn Pakinsini ń mú gbọ̀n lè rọlẹ̀. Okùn so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ orógùn inú ìkòkò ẹ̀kọ àdìrẹ, èyí tí a fi ń ya ọnà sí aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá falẹ̀, ẹ̀rọ inú kẹ̀kẹ́ á mú un yára fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi sú u. "Bàbá Ìbídùn, ẹ gbà mí, ẹ bá mi yí i díẹ̀."

Bí ọkọ rẹ̀ ṣe gùn ún ni kẹ̀kẹ́ dúró, ohùn kan sì jáde láti inú ẹ̀rọ rẹ̀: "Ẹsẹ̀ Màmá kọ́ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ó ti mú mi!" Ọkọ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí ẹ̀rọ kúkú ya ọnà sí aṣọ ìkómọ ọmọ Ìbídùn?"

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Aṣọ ọmọ-ọmọ mi?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ gorí kẹ̀kẹ́ padà, ó yí i títí òógùn fi bò ó, tí ẹ̀kọ sì ki. Ó ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, ó fa ìlà láti etí kan aṣọ náà dé etí kejì. Ìlà náà gún régé.

Lọ́jọ́ ìkómọ, aṣọ náà, tí wọ́n ti rẹ sínú aró, ni wọ́n fi gba ọmọ. Ojú ẹsẹ̀ ló tọ̀ sí i.

Mọ́rẹ́nikẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti gba aṣọ rẹ̀ nìyẹn!"