Ohun Tí Dókítà Sọ Lórí Rédíò

Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti jókòó.

Dókítà tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ọ̀gá àgbà kọjú sí wa. Ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù rẹ̀.

Èmi, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Alága ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi.

Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ohun tó sọ lórí rédíò: "Obìnrin tó bá ń ké nígbà tó ń rọbí, ṣe ló ń díbọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn," ni Alága wí. "Àbí ẹnu ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú.

"Ẹ má fi í jẹ ọ̀gá," ni mo wí.

Dókítà gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà, Màmá? Nítorí ọ̀rọ̀ rédíò?"

"Àwọn olùgbọ́ rédíò kọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àbúrò rẹ ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ó ń rọbí, ó ń ké pè ọ́. O ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀, pé ó ń díbọ́n. Kí wọ́n tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dákẹ́."



Nígbà tí wọ́n dìbò, ẹnì kankan ò nawọ́ fún un.

Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, èmi ọmọ yín lẹ ṣe báyìí sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo dáhùn. "Ìwọ nìkan lọmọ tó ṣẹ́ kù fún mi."