Oko Wèrè

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí bàálù kékeré náà ní ti kú lójú sánmà Òkìtìpupa.

Jùwọ́n, tó ń wà á, ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Kò dáhùn.

"Jésù o! Ṣé bá a ṣe máa kú nìyí?" Juliet, èrò kan ṣoṣo tó gbé, ló figbe ta.

Jùwọ́n wolẹ̀. Ọ̀pẹ ló kún ibẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ.

"Oko Wèrè nìkan ló kù."

"Oko ta ni?"

"Àgbàlagbà kan ní Ìjù-Odò. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ro ó, kì í gbin nǹkan kan sí i."

Ó darí imú bàálù síbẹ̀. Táyà kanlẹ̀ gbì, ó ta sókè, ó tún kanlẹ̀, ó sáré títí, ó dúró.

Wọn ò kú.

Àgbàlagbà kan ń sáré bọ̀ tòun tàdá.

"Jùwọ́n, ọmọ mi! Ṣé o ò fara pa?"

Juliet yíjú sí Jùwọ́n. Jùwọ́n ò lè wò ó lójú, ó kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbin ọ̀pẹ síbí bíi tàwọn yòókù?"

"Láti ọjọ́ tó o ti sọ pé bàálù lo máa wà ni mo ti ń ro ó dè ẹ́. Àbí ọ̀pẹ lo fẹ́ bà lé?"