Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Pàṣẹ

"Òsì! Ọ̀tún! Òsì!" Ọmọbìnrin náà ṣì ń pàṣẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí bàbá rẹ̀ já wọ àárín wọn.

"Ṣé ohun tí mo ní kí o wá kọ́ nìyí? Ìpolówó ọjà ńkọ́?"

"Mò ń kọ́ ọ, Bàbá mi. Mo sì tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ọmọ ogun."

"Obìnrin wo ló ń ṣíwájú ọmọ ogun? Bọ́ bàtà ológun yẹn, ká máa lọ sílé!"

Ọmọbìnrin náà kò yẹsẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bàtà yìí ò ní kúrò lẹ́sẹ̀ mi."

Bàbá kọjú sí àwọn yòókù, tí wọ́n ń yan lójú kan. "Ẹ̀yin náà, ẹ tú ká! Ta ló ń gbọ́ràn sí ọmọdé lẹ́nu?"

Kò sẹ́ni tó kúrò. Ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá, obìnrin kan tó wọ aṣọ ológun bíi tiwọn ti fìlà sókè kúrò lójú. Ìyàwó bàbá náà fúnra rẹ̀ ni.

"Olówó orí mi, ẹ yàgò lọ́nà," ló wí, ó sì ń bá yíyan rẹ̀ lọ. "Ọ̀gá wa ò tíì ní ká dúró."